Pákó Tí Mo Fi Ń Gun Ìgbì

Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù lórí ọ̀rọ̀ pákó yìí. Mo ti gbọ́ ọ tó. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi kú, àwọn àbúrò mi sọ ọ́, Àáfáà náà sọ ọ́. Gbogbo wọn ló mọ sùúrù í sọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Pákó náà gùn jù mí lọ díẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, àárín rẹ̀ fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí, wọ́n sì ti fá a títí ó fi ń dán. Lábẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n kan igi pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn, tó yọ jáde bíi lẹbẹ ẹja. Lẹbẹ yẹn ni kì í jẹ́ kó yí gbirigbiri lórí omi. Ẹ fi lẹbẹ yẹn sọ́kàn.

Ọmọ Òmù-Àrán ni wá, ṣùgbọ́n Èkó ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan létí èbúté, nígbà tí owó epo ń wọlé bí omi. Ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá máa ń tò sórí òkun, wọn á máa dúró de àyè, bàbá mi á sì ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì ní ìpéǹpéjú. Ó ra tẹlifíṣọ̀n, ó ra fìríìjì. Bí ọdún Iléyá bá dé, a ó wọ mọ́tò, ó di Ìlọrin, ó di Ganmo níbi tí àwọn òpó iná gàgàrà wà, ó di ilé. A kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọmọ ìlú tó bá ti ìdálẹ̀ bọ̀ nígbà yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan wá fún mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò rẹ̀. Ẹnì kan á gbé fáànù wá, ẹnì kan á gbé aago ògiri, òmíràn á kó ẹní tuntun wá. Wọn á gbé e síwájú ilé kí gbogbo ayé rí i, Lemọ́mù á gbàdúrà fún un, àwa ọmọ rẹ̀ á ṣe àmín, bàbá wa á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Lọ́dún kan, búútà àlùwàlá ló kó wá, ó pọ̀ débi pé wọ́n há a dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò kejì.

Ibi iṣẹ́ bàbá mi ní ọkọ̀ ojú omi kan tó máa ń kó ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí etíkun kan lódìkejì ọ̀sà lọ́jọ́ Àìkú. Òkun Èkó burú, gbogbo wa la mọ̀, ó ń gbé èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ti kó òkúta ńláńlá jọ sí ẹnu òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé, ìgbì tó bá sì gba ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn wọlé ti rọ̀. Kì í ga ju àyà lọ, iyanrìn tó rọ̀ ló sì wà nísàlẹ̀. Ọmọdé lè ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tún dìde. Àwọn òyìnbó ni mo kọ́kọ́ rí tí wọ́n ń gun ìgbì. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí pákó, wọ́n ń fi ọwọ́ wa omi, ìgbì dé lẹ́yìn wọn, wọ́n fò dìde, ìgbì sì gbé wọn lóòró títí dé iyanrìn. Háà! Mo dìde dúró níbi tí ìyá mi ti ń bu ìrẹsì. Mo ní èmi náà máa ṣe é. Ìyá mi ní kí n jókòó kí n jẹun.

Ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létíkun yẹn ló kọ́ mi. Ó ti wo pákó àwọn òyìnbó dáadáa, ó sì gbẹ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò dáa rárá. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dìde, á máa pariwo láti etí omi pé, "Ìwọ ọmọ ará òkè yìí, ṣé iṣu lò ń wà níbẹ̀ ni? Dìde jàre!" Mo mu omi iyọ̀ títí inú mi fi ń rìn. Ẹ̀gbẹ́ mi bó, orúnkún mi bó. Lọ́jọ́ tí mo wá dúró, tí mo dúró gan-an, tí ìgbì ń gbé mi lọ tí mo sì ń wo etíkun tó ń bọ̀ wá bá mi, igbe tí mo ké, àwọn òyìnbó gan-an yíjú wò mí. N kò tíì nírú ayọ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà náà, mo bímọ o, mo kọ́lé o.

Kò fún mi ní pákó lọ́fẹ̀ẹ́. Odidi ọlidé kan ni mo fi bá a ṣiṣẹ́, mò ń di igi mú fún un, mò ń gbá àpápá igi nílẹ̀, mò ń fi sáńpépà họ ara ọkọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le. Nígbà tó gbẹ́ tèmi tán, èmi fúnra mi ni mo họ ọ́, láti orí dé ìdí. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀: tí o bá ti inú òkun jáde, fi omi kànga ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, fi aṣọ nù ún gbẹ, kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mo gbàgbé tí mo fi í ti ara igi àgbọn nínú oòrùn, ọkùnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. "Ta ló ní kí o sá a sóòrùn? Ṣé ẹja ni? Ṣé o fẹ́ kó ya ni?" Títí di òní, mi ò lè rí pákó nínú oòrùn kára mi má bù máṣọ.

Nígbà tó yá, owó epo lọ. Mi ò mọ ibi tó lọ, àwọn tó mọ̀ ò sọ fún wa. Ọkọ̀ tó ń tò lórí òkun dín kù títí ẹnu èbúté fi dákẹ́, wọ́n sì dá bàbá mi dúró pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn. Ó ta fìríìjì, ó ta tẹlifíṣọ̀n, ó ta àga. Ó ní a ó lọ sílé ná. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi létíkun, ojú mi ti wú fún ẹkún. Ó ní kí n yé sunkún. Ó ní àwọn ìyá tó ń mú ọmọbìnrin wọn wá kì í fẹ́ kí ọkùnrin dì wọ́n mú nínú omi, òun sì ń wá obìnrin tó máa kọ́ wọn. Ó ní kí n bá àwọn òbí mi délé, kí n ṣọdún, kí n padà wá. Mo lè máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó òun. "Ṣùgbọ́n gbé pákó rẹ dání wá o. Mi ò ní igi tí màá fi gbẹ́ òmíràn, igi ti wọ́n." Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní, "Ó dáa, ìyá mi. Lẹ́yìn ọdún, máa lọ." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, ìyá mi.

Bí pákó mi ṣe wọ lọ́rì nìyẹn. Nítorí oòrùn àti eruku ọ̀nà, mo gba bẹ́díṣíìtì funfun kan lọ́wọ́ ìyá mi, mo fi wé e láti òkè délẹ̀, mo fi okùn dì í níbi mẹ́ta. Ẹ̀yin tó mọ ìṣe wa ti mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ò mọ̀. Ọmọ Èkó ni mí, òkun nìkan ló wà lórí mi.

Lọ́rì dúró síwájú agbo ilé wa lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn àgbà ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, dúró wo bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù wa kalẹ̀: ìkòkò, àpótí aṣọ, bẹ́ẹ̀dì kan tó ti wọ́. Ẹrù náà ò níyì, mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń wá èyí tó kù. Ni awakọ̀ bá gbé pákó mi sọ̀ kalẹ̀. Ó gùn tó èèyàn, ó fẹ̀ tó èèyàn, ó wà nínú aṣọ funfun, wọ́n sì dì í lórí, láàárín, lẹ́sẹ̀. Bàbá Àgbà tú orí rẹ̀ díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara pákó náà, ó sì ké Aláhù Àkíbárù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pákó tí wọ́n fi ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa, ikán ti jẹ ẹ́ lọ́dún yẹn. Ilẹ̀kùn ilé kan tó ti wó ni wọ́n ń tú lò, ìtìjú gbáà ni fún àdúgbò. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn ní Èkó, ní Kàdúná, pé kí ẹni tó bá lè ṣe é ṣàánú. Kò sẹ́ni tó dáhùn; nǹkan ti le fún kálukú. Àfi ìgbà tí bàbá mi dé, tó gbé pákó tó ń dán bíi dígí wá, tó tún fi aṣọ funfun wé e! Lemọ́mù dé. Àwọn ìyá àgbà jáde. Wọ́n gbé pákó mi sórí àga méjì níwájú ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún bàbá mi.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì sọ. Lemọ́mù ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ." Bàbá mi wo pákó, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àmín." Wọ́n ní oore tó ṣe fún òkú, àwọn alààyè á ṣe é fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àmín." Mò ń retí pé á sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, ọmọ mi ló ni ín. Àmín ló ń ṣe bí ẹni tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìdí rẹ̀.

Mo ní, "Tèmi ni! Mi ò gbé e wá fún òkú. Mo fi ń dúró lórí òkun ni!"

Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n rín in títí Bàbá Àgbà fi ń nu ojú. "Dúró lórí òkun! Ẹ gbọ́ ọmọ Èkó!" Ìyá mi já mi ní èékánná ní itan, ó ní kí n má dójú ti bàbá mi láwùjọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé pákó mi lé èjìká, wọ́n gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń wo oko tí koríko ti bò. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní kí n máa lọ lẹ́yìn ọdún. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́."

Kò wojú mi. Ó ní, "Kí ni kí n sọ? Kí n ní mo dé lọ́wọ́ òfo?"

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀! Òótọ́ ṣáà ni!"

"Ọmọdé ni ọ́. Pákó ni, ìyá mi. Wọ́n á gbẹ́ òmíràn fún ọ."

Mo ní kó má pè mí ní ìyá òun mọ́. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lójúkojú, nínú oko, láyé ìgbà yẹn. Kò nà mí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó mọ ohun tó ṣe, inú sì wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo pinnu pé màá lọ gbé e fúnra mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo bá káfíńtà níbẹ̀, ó ti dojú pákó délẹ̀, ó ń fi ayùn rẹ́ lẹbẹ rẹ̀ kúrò. Ó ní pákó náà ò fẹ́ jókòó dáadáa, pé oníṣẹ́ Èkó tó kàn án ò mọ iṣẹ́, kí ni wọ́n ń fi igi gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ sídìí pákó fún? Mo dúró síbẹ̀, ayùn ń lọ, ayùn ń bọ̀, títí lẹbẹ fi bọ́ sínú iyanrìn. Ó jù ú sínú igi ìdáná. Mo rò pé bóyá ọ̀gá mi lè kan òmíràn mọ́ ọn. Mo ṣì ń rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan ní agbo ilé kejì kú, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀.

Ìyá mi wá jókòó tì mí. "Ṣé o ṣì máa gbé e? Ta lo máa sọ fún ní Èkó pé kó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀?" Lẹ́yìn ọdún, mo lọ sí Èkó láìsí pákó. Ọ̀gá mi wo ọwọ́ mi, ó mi orí, ó ní òun ò lè fi pákó kan ṣoṣo tóun ní kọ́ èèyàn méjì. Ọmọbìnrin mìíràn tó ní pákó tirẹ̀ ló gbà síṣẹ́. Mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Mi ò tún dúró lórí òkun mọ́ láyé mi.

Ẹ gbà mí o, ìyà tó kù ni ọpẹ́. Bí mo bá wálé ọdún, ẹnì kan á gbá mi mú lọ́nà ọjà: "Ọmọ olóore! Orí pákó bàbá rẹ la ti wẹ ìyá wa. Ọlọ́run á san án fún yín." Wọ́n fi bàbá mi sí sàfù iwájú, ìlà àwọn ẹni ọ̀wọ̀, ní mọ́ṣáláṣí. Bí ìsìnkú bá wà, wọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà fún un. Òun náà á sì ṣe àmín, iṣu ló ń gbìn, bàtà rẹ̀ ti já, àmín ló ń ṣe. Èmi á rẹ́rìn-ín fún wọn, èmi á wọlé, èmi á ti ilẹ̀kùn. Èmi àti òun ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, à ń sọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀rọ̀ pákó, rárá.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí, mo sì wá. Mo fún un lómi, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Mò ń retí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí ó bá kù díẹ̀ kó kú, á sọ ọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá mi." Mo ní, "Ẹ̀n, Bàbá?" Ó ní kí n bá òun ṣí fèrèsé. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n gbé pákó wá. Wọ́n fi ẹní ká ẹ̀yìnkùlé mọ́, àwọn ọkùnrin wọlé, àwa obìnrin jókòó sẹ́yìn ẹní. Àwọn yòókù ń sunkún. Èmi ń gbọ́ omi. Wọ́n da omi, ó ṣàn lórí pákó, ó sì kán sílẹ̀ ní ìdí, mo sì mọ ohùn rẹ̀, kò yí padà. Bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ nìyẹn tí mo bá ń ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí, wọ́n rò pé bàbá mi nìkan ni mò ń sun.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, Àáfáà tó ṣáájú àwọn tó wẹ̀ ẹ́ pè mí síwájú gbogbo ará ilé. Ó ní bàbá mi fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun ò gbé pákó yẹn wá fún wa rí. Ó ní ọmọ òun ló ni ín, pé ojú ló ti òun lọ́jọ́ náà. Ó ní tí a bá ti wẹ òun tán, kí a dá a padà fún ọ."

Gbólóhùn tí mo ti ń retí láti ìgbà ọ̀dọ́mọbìnrin mi nìyẹn, ó wá sọ ọ́ nígbà tí mi ò lè dá a lóhùn. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ ò ríyẹn! Ó lò ó tán kó tó rántí pé tèmi ni!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Àáfáà rọra ní, "Ó jàre, ìwọ náà jàre. Ṣé o máa gbé e? Tí o bá gbé e, a ó wá ilẹ̀kùn kan lò." Bàbá arúgbó kan lágbo ilé wa, tó ti fọ́jú, jókòó lórí àga nítòsí, ó ń wúkọ́, gbogbo wọn sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo kọjá lára wọn, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ wo nǹkan mi.

Wọ́n ti fi í ti ara ògiri, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Omi ṣì wà lára rẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti ń la, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ láti orí tó ṣóńṣó yẹn. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà níwájú ilé sáré wá.

"Ta ló ní kí ẹ sá a sóòrùn? Ṣé ẹja ni? Láti ọjọ́ yìí wá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ fẹ́ kó ya ni?"

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Mo tú ìborùn mi, mo fi nu pákó náà láti orí dé ìdí títí ó fi gbẹ. Mo ní kí Àáfáà di ìdí mú, kó má gbé e bí ẹni gbé igi ìdáná. A jọ gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a tẹ́ ẹ sínú òjìji, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé ibẹ̀ ni kó máa wà nígbàkigbà tí wọ́n bá lò ó tán.